Ẹ̀gẹ́ kan náà ló ń di gàrí tó ń di pupuru: lẹ́tà yín lórí Word, PDF àtàwọn yòókù

Ẹ kú oṣù tuntun o. Lẹ́tà tó wọlé pọ̀ díẹ̀, àmọ́ mẹ́ta wà níbẹ̀ tó jọra bí ìbẹta, ọ̀kan láti Ìjọkà, ọ̀kan láti Oǹdó, ọ̀kan láti FUTA. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń bèèrè: kí ni kí àwọn fi kọ ìwé ìlò ẹ̀rọ tàbí ìwé iṣẹ́ tó máa jáde ní oríṣi fáìlì púpọ̀, láì jẹ́ pé èèyàn ń tẹ nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ti Ìjọkà ló gùn jù, òun ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn, torí bí mo ṣe ń kà á ni ara mi ń bù máṣọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n Kọ̀ǹpútà, ẹ kú iṣẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń rọ ẹ̀rọ gàrí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èyí tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, èyí tí wọ́n fi ń fún un, àti agbada tí wọ́n fi ń yan án. Èmi ni wọ́n ní kí n máa kọ ìwé kékeré tí a ń fún oníbàárà, bí wọ́n ṣe máa gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, ìgbà tí wọ́n máa pààrọ̀ bẹ́líìtì, irú epo tí wọ́n máa rọ sí ẹ́ńjìnnì. Ọ̀gá mi fẹ́ ẹ ní Word kó lè fọwọ́ kàn án, atẹ̀wé wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba ní PDF lòun fẹ́, àwọn oníbàárà Ìdànrè àti Ọ̀wọ̀ ní kí n fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, ọmọ ọ̀gá tó ń bá wa ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì náà ń bèèrè tiẹ̀. Kọ́pì mẹ́rin ló wà lórí láàpútọ́ọ̀pù mi báyìí, mi ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ mọ́. Ẹnì kan wá ní ká ra sọ́fúwíà kan tó máa ń yọ fáìlì oríṣi mẹ́wàá, dọ́là ni wọ́n ń san lọ́dọọdún. Ṣé ká rà á?
Ọmọbìnrin Ìjọkà, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN: Àǹtí, ẹ má tíì rà á. Kí n tó sọ ìdí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú èmi alára ti rí.

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn mo bá àwọn kan kọ irú ìwé yìí, pọ́ńpù tó ń fa omi láti odò lọ sóko ni wọ́n ń tà, mi ò ní dárúkọ wọn torí ẹ̀bi tèmi ni kì í ṣe tiwọn. Mo kọ ọ́ sínú Word, mo yọ PDF fún atẹ̀wé, mo tún ṣe kọ́pì míì fún wẹ́ẹ̀bùsáìtì, inú mi ń dùn pé iṣẹ́ ti parí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mẹkáníìkì wọn pè mí, ó ní "bọ̀dá, epo ẹ́ńjìnnì tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀ yẹn ti pọ̀ jù o, 1.1 lítà kọ́ nìyẹn ń gbà, 0.6 ni, ti èyí tó tóbi lẹ lọ kọ." Mo ṣí Word, mo tún un ṣe, mo pa láàpútọ́ọ̀pù dé, mo lọ jẹ iyán. PDF tó wà lọ́wọ́ atẹ̀wé ńkọ́? Kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Nígbà tí wọ́n tún ìwé tẹ̀, ti àtijọ́ ni wọ́n tẹ̀, bàbá àgbẹ̀ kan sì rọ 1.1 lítà sí i gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe wí, ni ẹ́ńjìnnì bá ń tú èéfín bí ẹni ń sun oko. Ọ̀gá ò bú mi o. Ó kàn gbé ìwé méjì sórí tábìlì, ó ní kí n ka ojú-ewé kẹrin ti àkọ́kọ́ sókè, kí n wá ka ojú-ewé kẹrin ti ìkejì. Mo kà á.

Ohun tó ṣe mí yẹn ti ń ṣe ẹ̀yin náà, kò kàn tíì yọ èéfín ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí ẹ̀gẹ́, ọ̀rọ̀ yìí á tètè yé yín: ẹ̀gẹ́ kan náà ló ń di gàrí, ó ń di fùfú, ó ń di láfún, ó ń di pupuru lọ́wọ́ àwọn ará Ìlàjẹ, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń dá gàrí padà di ẹ̀gẹ́. Fáìlì kan ṣoṣo ni kó jẹ́ ẹ̀gẹ́ yín. Word o, PDF o, ti wẹ́ẹ̀bù o, ti fóònù o, gàrí ni gbogbo wọn. Tí nǹkan bá yí padà, ara ẹ̀gẹ́ lẹ ti máa tún un ṣe, ẹ ó wá yan gàrí tuntun, ẹ ò ní máa ṣa òkúta inú gàrí ọlọ́jọ́ pípẹ́. Tẹ́ ẹ bá gba èyí, ìbéèrè yín á yí padà. Kò ní jẹ́ "sọ́fúwíà wo ló ń yọ oríṣi mẹ́wàá" mọ́ (ta ló tiẹ̀ bèèrè mẹ́wàá, mẹ́rin lẹ kà fún mi), á di "ta ni ó máa fọwọ́ kan ẹ̀gẹ́ yẹn, kí ni onítọ̀hún sì mọ̀ ọ́n lò?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀gá yín ti wọlé. Ẹ fara balẹ̀ bi í léèrè, ṣé ó fẹ́ máa kọ nǹkan sínú ìwé yẹn fúnra ẹ̀ ni, àbí ó kàn fẹ́ kà á kó fàlà sí ibi tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn? Méjèèjì ò jọra.

Tó bá jẹ́ pé á máa kọ ọ́ fúnra ẹ̀, ẹ má bá a jà, inú nǹkan tó jọ Word ni kí ẹ̀gẹ́ wà. Google Docs ń ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, tẹ́ ẹ bá lọ sí File tẹ́ ẹ tẹ Download, ẹ ó rí Word, ODT àti RTF (àwọn náà jọ Word), PDF, ọ̀rọ̀ lásán, HTML (ti wẹ́ẹ̀bù) tí wọ́n dì sínú zip, EPUB (ìwé tí wọ́n ń kà lórí fóònù), láti 2024 Markdown náà ti wà níbẹ̀ (màá sọ ohun tó jẹ́ láìpẹ́). Ẹ kà á, mélòó nìyẹn? Dátà nìkan ló ń jẹ. Tó bá jẹ́ pé dátà yín ń bá yín fa wàhálà, LibreOffice wà, òun náà ò gba kọ́bọ̀, orí kọ̀ǹpútà yín ló ń jókòó sí tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó kàn án, láti 2018 ló sì ti ń yọ EPUB fúnra ẹ̀.

Àmọ́ o, nǹkan kan wà tó máa ba gbogbo ẹ̀ jẹ́, mo sì mọ̀ pé ẹ ń ṣe é torí gbogbo wa la ń ṣe é. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ àkọlé, ẹ ó fa ọ̀rọ̀ yẹn láwọ̀, ẹ ó tẹ Bold, ẹ ó sọ ọ́ di 16, ó parí. Lójú èèyàn àkọlé nìyẹn, lójú kọ̀ǹpútà ọ̀rọ̀ kan tó sanra lásán ni. Tẹ́ ẹ bá wá yọ EPUB, kò ní sí àkóónú tí èèyàn máa tẹ̀ tó máa gbé e lọ síbi bẹ́líìtì, wẹ́ẹ̀bù náà á kàn rí i bíi páráǹgíráàfù tó ń pariwo. Heading 1, Heading 2 wà lókè níbẹ̀ lábẹ́ Styles, ẹ̀yin ẹ lò ó. Ìwé tẹ́ ẹ ti kọ tẹ́lẹ̀, ẹ lo ọ̀sán kan fi tún gbogbo àkọlé inú ẹ̀ ṣe báyìí, kò dùn ún ṣe, mo mọ̀, bí ìgbà téèyàn ń ṣa ẹ̀wà ni. Ẹ má sì fi Enter mẹ́jọ ti àwòrán lọ sójú-ewé kejì, torí lórí fóònù kò sí ojú-ewé kejì kankan.

Tó bá jẹ́ pé ọ̀gá kàn fẹ́ kà á ni, tó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ ó máa kọ ọ́, ọ̀nà tí èmi fẹ́ràn jù nìyí. Ẹ kọ ọ́ ní Markdown. Ọ̀rọ̀ lásán ni, Notepad ń ṣí i, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ John Gruber ló gbé e jáde ní 2004. Bó ṣe máa rí nìyí:

# Bí a ṣe ń pààrọ̀ bẹ́líìtì
1. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó tutù.
2. Ẹ tú bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó di ìdérí mú.

Àmì # ni àkọlé, ìràwọ̀ méjì (**) níwájú ọ̀rọ̀ àti méjì lẹ́yìn ẹ̀ ló ń mú kó dúdú, ó tán. Ẹ wá lọ wa Pandoc sórí kọ̀ǹpútà yín, sọ́fúwíà tó ń sọ oríṣi fáìlì kan di òmíràn ni, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó ṣe é, John MacFarlane, tíṣà ìmọ̀ ọgbọ́n-orí ni ní yunifásítì Berkeley, kì í ṣe tíṣà kọ̀ǹpútà rárá, 2006 ló ti gbé e jáde (mo máa ń fi ìyẹn dá àwọn tó bá ní "èmi ò ka kọ̀ǹpútà" lóhùn). Ẹ ó ṣí ibi dúdú tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ, ká ní agbada.md lẹ sọ fáìlì Markdown yín, ẹ ó kọ:

pandoc agbada.md -o agbada.docx

Word ti jáde nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá kọ .epub síbi .docx, EPUB nìyẹn, tó bá jẹ́ .html tẹ́ ẹ fi -s sí i, ojú-ewé wẹ́ẹ̀bù tó pé ni. PDF nìkan ló ń ṣe ìyanga díẹ̀, ó fẹ́ kẹ́ ẹ fi LaTeX, sọ́fúwíà tó ń to ìwé fún títẹ̀, sórí ẹ̀rọ, ó sì wúwo, ẹ wa á sílẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá rí dátà ọ̀fẹ́. Ibi tí ọ̀nà yìí ti ń daamú èèyàn ni tébù, tí tébù bá ti ní àpótí tó gba ìlà méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, ẹ ó jìyà. Ẹ pín irú tébù bẹ́ẹ̀ sí kékeré kékeré. Ó máa ń yé oníbàárà jù bẹ́ẹ̀ náà.

Ká wá sọ ti sọ́fúwíà olówó. Kì í ṣe pé wọn ò dáa o. MadCap Flare, FrameMaker àti RoboHelp ti Adobe, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe. Ẹ wò ó báyìí, ká ní ẹ ní ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ ogún oríṣi, ti dísù wà, ti pẹtiróòlù wà, ti iná wà, ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ọ̀rọ̀ inú ìwé wọn sì jẹ́ nǹkan kan náà. Pẹ̀lú Flare ẹ ó kọ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó fi àmì sí gbólóhùn tó jẹ́ ti dísù nìkan, tẹ́ ẹ bá wá ní "yọ ti dísù fún mi", á yọ ọ́, á fo ti pẹtiróòlù. Tí nọ́ńbà fóònù ilé iṣẹ́ bá yí, ibì kan lẹ ti máa yí i, gbogbo ìwé á yí. Ilé iṣẹ́ tó ní akọ̀wé bíi márùn-ún, owó yẹn á tètè padà wọlé fún wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ẹnì kan pẹ̀lú ẹ̀rọ mẹ́ta, owó yẹn ẹ fi ra inverter, kí láàpútọ́ọ̀pù yín yé kú ní ìdajì iṣẹ́. HelpNDoc náà wà fún Windows, wọ́n ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ tó bá jẹ́ ìlò ara ẹni, àmọ́ ọjà lẹ ń tà ní tiyín, ẹ ó sanwó.

Èyí tó bá wù kẹ́ ẹ mú, nǹkan méjì ni kẹ́ ẹ ṣe kẹ́ ẹ tó gbé owó sílẹ̀. Àkọ́kọ́, ẹ bi wọ́n pé tí mo bá dáwọ́ owó dúró lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé màá lè kó ọ̀rọ̀ mi jáde ní nǹkan tí ẹlòmíì lè ṣí? Tí wọ́n bá ń káàlọ̀ọ́, ẹ dìde. Ìkejì, ẹ má fi ojú-ewé tó rọrùn dán an wò, torí ojú-ewé tó rọrùn ni wọ́n máa fi hàn yín tí wọ́n bá ń polówó. Ẹ mú èyí tó burú jù, èyí tó ní tébù ìwọ̀n bẹ́líìtì, àwòrán bóòtù, àti gbólóhùn Yorùbá kan pẹ̀lú àmì ohùn. Ẹ yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ tẹ PDF sórí bébà. Ẹ ṣí ti fóònù lórí fóònù kékeré tí àwọn oníbàárà yín ń lò, kì í ṣe ti ọ̀gá, kẹ́ ẹ wò ó bóyá wọ́n á máa fi ìka fà á sọ́tùn-ún sósì kí wọ́n tó rí ìlà kan kà. PDF máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, torí bébà ni wọ́n ṣe é fún, EPUB àti HTML ló ń fún ara wọn bá ojú fóònù mu.

Tí ẹnikẹ́ni bá sì ń fi CHM, fáìlì ìrànlọ́wọ́ Windows àtijọ́, yangàn fún yín, ẹ rẹ́rìn-ín kẹ́ ẹ máa lọ. Microsoft ló gbé e dé ní 1997, àmọ́ tó bá gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wá, Windows máa ń dí i, àkóónú á hàn, ojú-ewé á funfun báláú, fóònù oníbàárà yín ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, lọ́la tẹ́ ẹ bá dé Ọjà Ọba, kẹ́ ẹ dúró lẹ́yìn atẹ̀wé yẹn kó pa PDF àtijọ́ rẹ́ lójú yín.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi, tíṣà Yorùbá ni mí tẹ́lẹ̀ ní Oǹdó, mo ti fẹ̀yìn tì, mo ń kó nóòtù mi jọ di ìwé fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Lórí kọ̀ǹpútà mi gbogbo àmì ohùn pé. Tí mo bá gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní Yábà, àmì á ti fò kúrò lórí lẹ́tà, òmíràn á di àpótí. Ọmọ kan wá bi mí pé, "Sà, báwo la ṣe ń pe lẹ́tà onígun mẹ́rin yìí?" Sọ́fúwíà wo ni kò ní bà á jẹ́?
Bàbá Tíṣà, Oǹdó

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta sà. Mo rẹ́rìn-ín títí lórí ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn, ẹ forí jì mí.

Sọ́fúwíà kọ́ ló jẹ̀bi púpọ̀, fọ́ńtì ni. Nínú Unicode tí kọ̀ǹpútà fi ń ka lẹ́tà, à tàbí é, ohun kan ṣoṣo ni. Ẹ, ọ, ṣ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n. Àmọ́ ẹ́ tàbí ọ̀, wọn ò fún un ní àyè tirẹ̀, méjì ni kọ̀ǹpútà ń kà á sí, lẹ́tà lọ́tọ̀, àmì ohùn tó gùn ún lọ́tọ̀. Fọ́ńtì ló máa mọ ibi tí yóò gbé àmì yẹn lé. Èyí tí ò bá mọ̀ á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tí kò bá ní in rárá á ya àpótí. Bàbá, Charis (Charis SIL ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀), Gentium, Noto Serif, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ Yorùbá dáadáa, ọ̀fẹ́ ni wọ́n, kẹ́ ẹ mú ọ̀kan kẹ́ ẹ sọ gbogbo nóòtù di ti ẹ̀.

Ẹ má gbé Word lọ sí Yábà mọ́ sà. Word kì í sábà gbé fọ́ńtì yín dání àfi tẹ́ ẹ bá ní kó gbé e, kọ̀ǹpútà tiwọn á wá fi èyí tó bá ní rọ́pò. PDF ló ń gbé fọ́ńtì sínú ara ẹ̀, ilé lẹ ti máa yọ ọ́. Tó bá jẹ́ Pandoc ni ọmọ yín bá yín lò, ẹ sọ fún un kó fi èyí kún àṣẹ náà: --pdf-engine=xelatex -V mainfont="Charis", torí tí kò bá fi kún un, èyí tó máa ń lò tẹ́lẹ̀ á ní òun ò mọ àmì orí ẹ̀kọ́, á sì dúró.

Ọ̀rọ̀ tí mo fi ń dán gbogbo nǹkan wò ni ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá àti kékeré, Ọ̀PỌ̀LỌ́, ọ̀pọ̀lọ́, ẹ yọ PDF, ẹ wò ó bóyá àmì jókòó dáadáa. Ẹ wá da ọ̀rọ̀ yẹn kọ láti inú PDF sínú WhatsApp, ẹ tún wá a pẹ̀lú Find. Ohun kan ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí ojú kì í rí: ẹnì kan lè tẹ ẹ kó tó fi àmì ohùn lé e, ẹlòmíì lè tẹ è kó tó wá fi ẹ̀sẹ̀ sí i nísàlẹ̀, lójú wa wọn ò yàtọ̀, sọ́fúwíà míì á sì ní òun ò rí i. Tẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù kan, ẹ fi í parí ìwé.

Èyí tó le níbẹ̀ ni tó bá jẹ́ pé nóòtù àtijọ́ yín wà ní àwọn fọ́ńtì ayé ijọ́un, tí wọ́n fi lẹ́tà míì ṣe ẹ́ kó tó di pé Unicode gbilẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yí fọ́ńtì irú èyí padà, tẹ́ ẹ wá rí @ tàbí àmì tí kò nítumọ̀ níbi tí ẹ ti yẹ kó wà, Find and Replace lẹ ó fi yí i, lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ wá ọmọ tó ní sùúrù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ọdún karùn-ún mi nìyí ní FUTA. Áàpù ni mo kọ fún projẹ́ẹ̀tì mi, mo gbọ́dọ̀ kọ ìwé ìlò ẹ̀. Súpáfáísọ̀ mi fẹ́ Word, mo fẹ́ kó wà lórí wẹ́ẹ̀bù náà. Mo rí Sphinx, mo rí Asciidoctor, mo rí Pandoc, orí mi ti gbóná.
Ọmọ North Gate, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN: Àbúrò, mu omi. Sphinx dáa gan-an, Georg Brandl ṣe é fún ìwé ìlò èdè kọ̀ǹpútà Python, ó jáde ní 2008, HTML ẹ̀ rẹwà, ó ń yọ EPUB, ó ń gba LaTeX kọjá lọ sí PDF, àmọ́ Word ò sí nínú ohun tó máa ń yọ fúnra ẹ̀. Asciidoctor náà ń yọ HTML, PDF àti EPUB, tó o bá fẹ́ Word o ní láti sọ ọ́ di oríṣi fáìlì míì tó ń jẹ́ DocBook kó o tún gbé ìyẹn fún Pandoc. Ẹni tí súpáfáísọ̀ ẹ̀ fẹ́ Word, kí ló ń wá lọ sí gbogbo ìyẹn? Lo Pandoc tààrà.

Ohun tó máa dùn mọ́ ẹ níbẹ̀ ni --reference-doc. Ṣí fáìlì Word kan tí Pandoc ti yọ fún ẹ, sọ Normal ẹ̀ di Times New Roman 12, ìlà oníméjì, ṣe Heading bí dípátímẹ́ǹtì ṣe fẹ́ ẹ, sọ ọ́ ní awose.docx, kó o wá fi --reference-doc=awose.docx kún àṣẹ ẹ. Gbogbo Word tó bá jáde lẹ́yìn ìyẹn á wọ aṣọ yẹn.

Súpáfáísọ̀ á kọ nǹkan pupa sẹ́gbẹ̀ẹ́ Word yẹn, ó dájú. Má tún un ṣe nínú Word yẹn, mo bẹ̀ ẹ́. Ṣí i sí apá ọ̀tún, ṣí Markdown sí apá òsì, kó o máa gbé ìtọ́sọ́nà wọn wọlé níkọ̀ọ̀kan. Tí nǹkan pupa yẹn bá pọ̀ jù, pandoc --track-changes=all á bá ẹ kó gbogbo ẹ̀ jáde kó o lè rí i lójú kan. Àmọ́ tó bá jẹ́ irú súpáfáísọ̀ tó máa ń tún orí ìwé kan kọ látòkè délẹ̀ fúnra ẹ̀ nínú Word, gba kámú, fi Word ṣe ẹ̀gẹ́ ẹ títí wọ́n á fi buwọ́ lù ú, lọ́jọ́ tí wọ́n bá buwọ́ lù ú ni kó o tó sọ ọ́ di Markdown fún wẹ́ẹ̀bù: pandoc projeeti.docx -t markdown --extract-media=aworan -o projeeti.md, á kó àwọn àwòrán ẹ sínú fódà lọ́tọ̀, ìwọ náà á wá yẹ tébù wò, torí ibẹ̀ ló ti máa ń wọ́.